Iyọ̀ Inú Kẹ́ẹ̀gì

Ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ ni Láńrewájú ń dà sínú kẹ́ẹ̀gì omi ẹ̀rọ nígbà tí Dayọ̀ yọ sí i lẹ́yìnkùlé. Iyọ̀ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ dà sórí bàtà iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn tán.

"Omi odò Abuloma tí ò ń gbé wá fún mi nìyẹn?"

Láńrewájú fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì náà sẹ́yìn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, irọ́ tirẹ̀ ò tilẹ̀ tíì rìn dé títì.

Dayọ̀ kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Ọmọ inú odò ni, lára àwọn tí ara wọn máa ń tẹ̀ lé omi. Bí omi iyọ̀ òkun bá kún wọ odò, wọn a di obìnrin. Bó bá fà padà, wọn a di ọkùnrin. Láàárín wọn, kò sẹ́ni tó ń béèrè èwo lẹnì kan jẹ́ gan-an. Ta ni yóò bi ẹni tó ń mí bóyá fífa èémí sínú ló fẹ́ràn ni, àbí mímí i síta?

Láńrewájú, aṣọ́bodè ọmọ Ìjẹ̀bú tí ìjọba gbé wá sí Port Harcourt, ń lé onífàyàwọ́ lórí odò lọ́jọ́ kan ló jábọ́ sómi. Ọkùnrin kan ló fà á yọ. Kí wọ́n tó sinmi tán létí odò, omi kún, ọkùnrin náà sì di obìnrin lójú rẹ̀ kòrókòró. Láńrewájú ò sá. Ẹ̀rín ló rín. Ẹ̀rín yẹn ló kó sí Dayọ̀ lórí. Láńrewájú ló tún sọ ọ́ ní Dayọ̀, orúkọ tó bá ọkùnrin mu, tó sì bá obìnrin mu.

Nígbà tí omi kún ló mú un wọ bárékè. Ó ní kó má lọ sétí odò mọ́, kí ojú ayé má baà rí i níbi tó ti ń yí padà. Òun fúnra òun ni yóò máa pọn omi wá fún un bí odò bá ti ń fà, kó lè máa ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kó sì di ọkùnrin nínú ilé. Láti ìgbà náà, omi oníyọ̀ ni Láńrewájú ń gbé wá, obìnrin sì ni Dayọ̀ tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́. Ó rò pé ara òun ti bàjẹ́. Ìdajì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́, tó ń gbọ́ ohùn àwọn tó wà níta.

"Màámi ń bọ̀ lónìí," Láńrewájú sọ níkẹyìn. "Wọ́n fẹ́ rí ìyàwó. Ṣé ọkùnrin ni kí n mú jáde fún wọn?"

"Ta ló fà ọ́ yọ nínú omi, Láńre?"

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Dayọ̀ ò bá a jà. Ó jáde, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó di Abuloma. Obìnrin kan tó ń yan ẹja létí omi rí i tó ń sáré, ó kígbe: "Sister, water don dey go down o! No boat go carry you now!" Dayọ̀ ò wẹ̀yìn. Ó gba ẹ̀yìn igi ẹ̀gbà tó ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀ etí odò, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi tó ń fà. Èjìká rẹ̀ fẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún. Ó so ìró mọ́ ìdí bí àwọn apẹja ibẹ̀ ṣe ń so ó, ó sì jáde.

Láńrewájú tó tẹ̀ lé e wá ló bá níwájú, nínú aṣọ iṣẹ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dayọ̀ na ọwọ́ sí i. Omijé lé ròrò sójú Láńrewájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì sún síwájú. Ó wo obìnrin ẹlẹ́ja. Ó wo àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," ló wí, bí ẹni pé wọn ò pàdé rí.

Ọwọ́ Dayọ̀ wálẹ̀. Ó dùn ún wọra.

"Ẹ ṣé o," ó fèsì. Kí lèèyàn tún lè fi irú ìkíni bẹ́ẹ̀ ṣe?

Láńrewájú jókòó sórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kọjú sódò. Ó ń dúró kí omi kún ni. Dayọ̀ náà jókòó sórí gbòǹgbò ẹ̀gbà, ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó de Dayọ̀ lókùn. Odò ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, bí omi bá dé, tí ara rẹ̀ bá yí, tí Láńrewájú bá wá ní kí àwọn máa lọ sílé, ó mọ̀ pé òun yóò dìde, òun yóò sì bá a lọ.