Lẹ́tà Póòpù Kò Ní Gorí Ẹ̀rọ Mi

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni Fadá gbé iṣẹ́ náà wọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́tà tí Póòpù kọ sí gbogbo ìjọ Àgùdà ni, lásìkò ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Róòmù. Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀, ó ku kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Òǹtẹ̀wé nu íǹkì ọwọ́ rẹ̀, ó gbé awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Kò tíì ka ojú ewé kejì tán tí ojú rẹ̀ fi le koko.

"Ta ló kọ èyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Póòpù ni."

"Póòpù wo? Àwọn Póòpù tó ti kú sọ fún wa pé kò sí ìgbàlà lẹ́yìn ìjọ yìí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Èyí wá ń pe àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní arákùnrin wa, ó ní ká jọ jókòó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kí ló kù? Ta ló ń ṣì wá lọ́nà nínú wọn?"

"Ẹ̀kọ́ wa ò yí padà o. Bá a ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ló yí padà."

"Ẹnu ẹ̀yin Fadá mà dùn o! Ẹ lé Látìnì jáde, a dákẹ́. Ẹ yí pẹpẹ padà, a dákẹ́. Ilé gan-an lẹ wá fẹ́ wó báyìí. Gbé e kúrò níwájú mi. Kò ní gorí ẹ̀rọ mi!"

Ó fi ìwé náà sọ̀kò. Ó fọ́n ká dé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, tó ń to àwọn lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé nídìí fèrèsé. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ṣà wọ́n, ó sì kà wọ́n lórí ìdúró.

"Fadá, ṣé òótọ́ ni? Arákùnrin wa ni àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì?"

"Òótọ́ ni, ìyàwó wa. Inú wa dùn sí i púpọ̀." Fadá tún rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín sí mi!"

Obìnrin yìí kì í pariwo.

"Ilé Pùròtẹ́sítáǹtì ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jókòó sí pálọ̀, tẹ́ ẹ ní ẹ̀ṣẹ̀ ni tí mo bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìta ni mo dúró sí nínú oòrùn, tí mò ń gbọ́ orin. Àwọn àbúrò mi gbé pósí bàbá mi kọjá níwájú mi, wọn ò wo ojú mi. Dòní olónìí, wọn ò wo ojú mi! Ẹ wá ń sọ pé inú yín dùn. Ṣé ẹ ti lọ bẹ̀ wọ́n?"

Fadá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ṣé o rí i?" ni òǹtẹ̀wé wí fún àbúrò rẹ̀. "Ìdí tí mo fi ní lẹ́tà yìí kò lè tọ̀nà nìyẹn. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, a jẹ́ pé lásán ni..."

"Ẹ parí ẹ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Lásán ni kí ni?"

Inú ń bí ọkọ rẹ̀ sí Póòpù, inú ń bí i sí àbúrò rẹ̀, àmọ́ ọkùnrin tó jókòó sí pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn, tó ń na ìka sí obìnrin tó ń sunkún, ni kò fẹ́ rántí. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ló to lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní gbogbo ọjọ́ tó fi ń tò ó, òun àti ọkọ rẹ̀ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó gbé e sórí ẹ̀rọ, rólà ẹ̀rọ náà há. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ láti ìta, ó fara dà á, ó fara dà á, ó wọlé.

"Mi ò gba lẹ́tà yìí gbọ́ o."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ gbà á gbọ́. Ẹ bá mi di ibẹ̀ yẹn mú."

Ó dì í mú. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́.

Nígbà tí íǹkì gbẹ, obìnrin náà ká ẹ̀dà kan sínú báàgì, ó wọ bàtà. Ilé àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń lọ.

"Ṣé kí n tẹ̀ lé ọ?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Rárá. Ẹ ò tíì ní ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún wọn."