Omi Ẹ̀fọ́ Tí À Ń Dà Nù

Ìyá ọkọ mi kì í fi nǹkan ṣòfò. Èérún ọṣẹ lásán, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí á fi di odidi ọṣẹ. Nígbà tí wọ́n wá bá wa gbé nítorí àìsàn ọmọ wọn, ohun tó kọ́kọ́ bí wọn nínú ni bí mo ṣe ń se ẹ̀fọ́. Màá bọ̀ ọ́, màá da omi rẹ̀ nù, màá sì tún fi omi tuntun bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

“Ìyàwó, gbogbo agbára inú ẹ̀ lo ń dà sí gọ́tà yẹn.”

“Agbára yẹn gan-an la ò fẹ́, mà.”

Kíndìnrín ọkọ mi ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní pọtásíọ̀mù ń bẹ nínú ewé àti èso. Kíndìnrín tó dá ṣáká á tọ̀ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n lára ẹni tí tirẹ̀ ti kú, inú ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa kóra jọ sí títí yóò fi dá ọkàn dúró. Mo sọ ọ́ fún ìyá, mo tún un sọ. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Gbígbọ́ ọ̀tọ̀, gbígbà ọ̀tọ̀.

Òùngbẹ ló fojú ọkọ mi rí màbo jù. Jórinjórin ni, ìdí iná ló ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré, omi kì í tó o. Ní báyìí, ife kékeré kan ni dókítà fọwọ́ sí lójúmọ́, nítorí pé kò rí ìtọ̀ tọ̀ mọ́. Bí òjò bá ń rọ̀, á dúró lójú fèrèsé, á ní, “Ìyàwó mi, mo ń jowú ilẹ̀.” Màá rẹ́rìn-ín, màá sì lọ sunkún ní balùwẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìyá tẹ̀ lé wa dé ilé ìwòsàn, dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi kò tó, torí kíndìnrín náà ló ń rán egungun létí pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, pé ẹ̀jẹ̀ kò tó nìkan ni ìyá mú lọ sílé. Ẹni tó ti tọ́ ọmọ dàgbà, ta ni yóò kọ́ wọn ní ohun tó ń fún ọmọ lẹ́jẹ̀? Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti bọ ẹ̀fọ́ tán, wọ́n á ní, “Gbé e wá, jẹ́ kí n bá ẹ dà á nù.” Inú mi dùn. Mo rò pé àárín wa ti ń gún.

Mi ò mọ̀ pé bí mo bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, ìyá á bu omi náà fún ọmọ wọn. Wọ́n ní kì í ṣe omi, oògùn ẹ̀jẹ̀ ni. Ọkọ mi náà mọ̀ pé kò yẹ, ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ìyá rẹ̀ ló sì gbé ife lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò gbé e mọ́. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wo ìlà tí ẹ̀rọ ọkàn ń yà, ó sì sáré pe dókítà. Pọtásíọ̀mù ti kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìdọ̀tí tí kíndìnrín kò fọ̀ dànù sì ti sọ ẹ̀jẹ̀ náà di kíkan. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́ tí yóò dáàbò bo ọkàn, wọ́n sì ń sáré tọ́jú ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀.

“Kí ni ọkọ yín ń jẹ nílé?” ni nọ́ọ̀sì bi mí. Mo ní ẹ̀fọ́ bíbọ̀ nìkan ni.

“Mo sì ń fún un lómi ẹ̀ láràárọ̀,” ni ìyá wí, tìyangàn-tìyangàn. “Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tó, ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì la ẹnu. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má sọ ọ́. Kí wọ́n tó so ẹ̀rọ mọ́ ọkọ mi lára, ọkàn rẹ̀ ti dúró.

Nígbà tí a délé, ìyá jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ wọn. Òtítọ́ ń gbóná lẹ́nu mi bí ẹyín iná. Mo fẹ́ kó dùn wọ́n bó ṣe ń dùn mí.

“Ìyàwó, má tàn mí o. Àbí èyí tí mo fún un ló kéré jù?”



“Ó tó, mà.”

Wọ́n gbé orí lé mi láyà, wọ́n bú sẹ́kún. Mo ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, mo sì kórìíra wọn.