Fìlà Eligio Montoro

Ojú Fuensanta àti ti Eligio Montoro ṣe mẹ́rin ní pápá ìjà màlúù ìlú Kọ́dóbà. Bí èrò ti pọ̀ tó yẹn, ó dà bí ẹni pé gbogbo wọn ti lọ sílé.

Ta ni kò mọ Eligio, akọni tó ń bá màlúù jà? Nítorí rẹ̀ ni àwọn ọmọdé àdúgbò fi ń jí aṣọ ìnura ìyá wọn láti fi bá ewúrẹ́ jà. Bó ṣe ya irun rẹ̀ ni gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin ń ya tiwọn. Láti ìgbà òtútù ni Fuensanta ti kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí i, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkùnrin náà a ní kó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, sáàárín ẹgbàágbèje irú rẹ̀. Ó kọ̀. Ọwọ́ Eligio gan-an ni yóò fi í sí.

Eligio ṣí fìlà dúdú orí rẹ̀, ó nà án sí Fuensanta.

"Ìwọ ni mo fi akọ màlúù yìí dá lọ́lá!"

Ó jù ú. Ọwọ́ kan tó kún fún ẹ̀gbà hán an lófuurufú: Ìyáàfin Leocadia, ìyàwó olówó tó jókòó níwájú.

"Ẹ ò rí i? Mo ṣì ń dán!"

Casilda, ọ̀rẹ́ Fuensanta tó jókòó tì í, fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Wọ́n ń gba ọkọ mọ́ ẹ lọ́wọ́, o ń wò!"

"Jẹ́ kó ṣe tán ná."

Ẹni tó gba fìlà ni yóò dá a padà tí màlúù bá kú, pẹ̀lú ẹ̀bùn nínú rẹ̀.

Ìwo fẹ́rẹ̀ẹ́ ha bọ́tìnnì góòlù àyà Eligio, kò yẹsẹ̀. Aṣọ pupa yí, idà wọlé, pápá hó yèè. Ó wá gba fìlà. Leocadia ti ń bọ́ ẹ̀gbà sínú rẹ̀. Fuensanta dìde.

"Màmá, ẹ má bínú, èmi ni wọ́n ju fìlà yẹn sí."

"Ìwọ ọmọ alágbàfọ̀? Lọ wo dígí!"

"Mo wò ó kí n tó jáde, mà. Eligio, ta lo jù ú sí?"

Eligio rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ̀gbà yín wuyì, ẹ gbé e padà sọ́wọ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ni mo ń wò."

Ẹ̀rín bú. Leocadia sọ fìlà náà lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. Fuensanta yọ lẹ́tà láyà, ó kì í sínú rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ọgbà onípákó, ó gbé e lé ọwọ́ Eligio, tí ẹ̀jẹ̀ màlúù ò tíì gbẹ lára rẹ̀.

"Kà á kí o tó lọ wẹ̀."