Oríkì Ilé Hollinthwaite

Ọláṣùmbọ̀ fa àga sídìí tábìlì, ó ṣí kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn orúkọ tí òun nìkan ń jẹ́ ní gbogbo Richmond, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Houston: Hollinthwaite. Òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Peter, ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé. Kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Chloe, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti gba orúkọ ọkọ tirẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọkùnrin ní Cypress, ìlú kan nítòsí ibẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ lórí fóònù pé:

"Mummy, orúkọ bàbá ẹ̀ nìkan ló máa jẹ́. Ti Daddy gùn jù, abeg."

Ọjọ́ Sátidé ni ìsọmọlórúkọ. Bí orúkọ náà kò bá kan ọmọ yìí, ọ̀dọ̀ Ọláṣùmbọ̀ ni yóò parí sí. Ló bá pinnu pé òun yóò kọ oríkì fún ilé ọkọ òun.

Nígbà tí Lékè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Alief, gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí. "Ṣùmbọ̀, oríkì òyìnbó? Ṣé 'ọmọ a-mu-tíì-nírọ̀lẹ́' ni?"

"Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín, Bọ̀dá mi. Ẹ ṣì máa gbọ́ ọ."

Èyí tó kọ́kọ́ kọ kún fún adé, ẹṣin àti ogun. Ó kà á sókè nínú ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́. Kò rí Peter nínú rẹ̀ rárá. Ó pa á rẹ́.

Ó tú orúkọ náà palẹ̀ bí ẹni tú ẹ̀rọ ìránṣọ. Igi kan tí ewé rẹ̀ lẹ́gùn-ún ni apá àkọ́kọ́. Apá kejì ni ilẹ̀ tí wọ́n ṣán nínú igbó. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi igi ẹlẹ́gùn-ún yangàn? Ó tún ń wá a lọ, títí ó fi kà nípa àwọn darandaran àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Bí òtútù bá ti pa koríko, wọ́n á gun igi yìí, wọ́n á gé ewé òkè fún àgùntàn, nítorí ewé òkè kì í lẹ́gùn-ún tó ti ìsàlẹ̀. Ọláṣùmbọ̀ pàtẹ́wọ́. Ó yíjú sí àga Peter láti sọ fún un. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ní Sátidé, ó gba ọmọ náà mọ́ra, ó kì í:

"Ọmọ a-gungi-ẹ̀gún-nítorí-àgùntàn,
Ọmọ a-ṣánko-kí-ará-ilé-ríbi-sùn,
Ọmọ òtútù-dé-wọn-ò-sá."

Chloe tẹjú mọ́ ọn. "Mummy, àwọn èèyàn Daddy nìyẹn? For real?"

"Lọ́dún tí òtútù mú gbogbo Houston tí iná lọ, ta ló ń fi aṣọ wé páìpù omi àwọn ará àdúgbò kí omi má bàa dì kó bẹ́ ẹ?"

"Daddy ni." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ tún un kì."

Ó tún un kì. Nígbà tí wọ́n sì pe orúkọ ọmọ síta, Èyítáyọ̀ Hollinthwaite Bámigbóyè ni wọ́n pè é.

Nírọ̀lẹ́, Ọláṣùmbọ̀ nìkan ló wakọ̀ padà sí Richmond. Àwọn méjì ló ń jẹ́ Hollinthwaite báyìí.