Fọ́tò Tí Kò Ní Àpá

Ìka mi ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní kí n gbé e lé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan, mo gbé e lé e. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń fọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ tan iná pupa. A nu ìka, a tún un ṣe, iná pupa náà ni. Kò yà mí lẹ́nu. Alágbàfọ̀ ni mí. Ọṣẹ àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná ti jẹ ilà orí ìka mi tán kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tò sẹ́yìn mi. Níbi tí mo ti gba físà, wọ́n ti rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú mi ni kí wọ́n fi dá mi mọ̀.

Ọkùnrin náà ka ohun tí wọ́n kọ. Ó wo fọ́tò inú ìwé ìrìnnà mi, ó wo ojú mi, ó tún wo fọ́tò. Ó wá nawọ́ sí ilẹ̀kùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní kí n bá ẹ̀ṣọ́ lọ.

Ẹ má rò pé ńṣe ni mo kàn dìde tí mo wọ bàlúù. Gbogbo òfin tí wọ́n ní kí àlejò pa mọ́ ni mo pa mọ́. Wọ́n ní ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ láti lò, mo lọ gba tuntun. Wọ́n ní kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀, mo rà á. Wọ́n ní kí n fi hàn pé mo ní ohun tí yóò mú mi padà sílé. Mo ní mo ní ọkọ, mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní aṣọ oníbàárà tó kún ilẹ̀ bámúbámú. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí pé mo ní ọkọ! Mo mú un wá. Wọ́n ní ẹni tó pè mí gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé ilé òun ni n ó dé sí, ọmọ mi kọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àlejò kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Mo ní bí mo bá tiẹ̀ rí aṣọ tó dọ̀tí, n ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ló wà nílùú wọn. Ọkàn rẹ̀ ló ń dá a lóró. Ihò kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ títí ó fi dàgbà. Ọ̀sán ọjọ́ tí mo dé yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ti jókòó tì í, ó ní kó pe ẹni tó bá fẹ́ rí kí wọ́n tó gbé e wọlé. Èmi ló pè. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà wá bá mi di ọwọ́ mi mú kí wọ́n tó fún mi lóògùn oorun." Ohun tí mo bá wá ò ju ìyẹn lọ.

Yàrá tí wọ́n mú mi wọ̀ kò ní fèrèsé. Àga onírin mẹ́ta tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì kan àti aago ògiri tí ìró rẹ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn ronú. Obìnrin ògbufọ̀ kan wọlé, ó gbọ́ èdè wa yékéyéké, ó sì kí mi bó ṣe yẹ kí ọmọ kí ìyá. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀gá wọn wọlé, obìnrin tí irun orí rẹ̀ ti funfun, tí ojú rẹ̀ kò sì le. Irú wọn ni mo máa ń bẹ̀rù jù, torí wọ́n lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún ọ pé kò ṣeé ṣe.

Ó ṣí ìwé ìrìnnà síwájú mi. Obìnrin inú fọ́tò ń wò mí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ìyá, wọ́n ń béèrè àpá yẹn," ògbufọ̀ wí. Ó fa ìka rẹ̀ lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀, láti etí dé àgbọ̀n. "Ìgbà wo lẹ ti ní in?"

"Ó ti lé lógún ọdún," mo dáhùn. "Iná ni."

Ọ̀gá gbọ́ ìtumọ̀, ó mi orí. Àṣé mo ti fi ẹnu ara mi kó bá ara mi. Ó béèrè ìgbà tí a ya fọ́tò, mo ní ọdún yìí ni. Ó dára, bí àpá bá ti wà láti ogún ọdún, tí fọ́tò ọdún yìí kò sì ní in, ta wá ni obìnrin inú fọ́tò?

"Èmi náà ni," mo wí. "Ọkọ mi ló yà á."

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́. Oní-fọ́tò ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìrìnnà, gbogbo ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò ló sì ń jókòó síwájú rẹ̀. Gbójúsókè ni wọ́n ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ fún oníbàárà nìyẹn kó tó tẹ ẹ̀rọ. Kò sí irorẹ́ tí kì í nù kúrò, kò sí ojú wíwú tí kì í tún ṣe. Ó ní ènìyàn kì í sanwó torí kó lè rí ohun tó ti rí nínú dígí láàárọ̀.

Ọmọ wa kò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà tó fa aṣọ orí tábìlì, tí àtùpà ṣubú. Mo wọ inú iná gbé e. Iná kò kàn án, èmi ló kàn. Nígbà tó wá gbọ́n tó láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹkún ló kù. Bó bá ti wo ojú mi báyìí, ó di pé kò jẹun mọ́. Ni bàbá rẹ̀ bá ṣòfin nínú ilé: kò sí àpá. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ọmọ náà pé kí ló ṣe ìyá rẹ̀ lójú, kó dá a lóhùn pé, "Kò sí nǹkan kan. Ojú ìyá mi mọ́ tónítóní." A fi ṣeré títí ó fi mọ́ wa lára. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ọkọ mi ń pè mí ní Arẹwà láti ìgbà náà, ó sì ń nu àpá kúrò nínú gbogbo fọ́tò mi bó ṣe ń nu eruku kúrò lára ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tó ya ti ìwé ìrìnnà àti ti físà, kò tiẹ̀ rò ó rárá, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é. Èmi náà gbà á, mo wò ó, mo ní ó dára. Ìka mi ni àwọn tó fún mi ní físà gbájú mọ́, kò sí ẹni tó fi fọ́tò náà wé ojú mi títí mo fi dé ibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo obìnrin yẹn lára ògiri ilé wa, mo ti gbà pé èmi ni.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń túmọ̀. Ọ̀gá ní ìtàn náà dára, ṣùgbọ́n kí n fi fọ́tò kan tó ní àpá hàn òun, ọ̀kan péré. Ó gbà kí n pe ilé.

"Arẹwà," ọkọ mi wí, "o ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

"Mi ò tíì dé ibì kankan. Bàbá wa, ẹ bá mi wá fọ́tò mi kan tó ní àpá. Ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù yìí kíákíá."

"Tó ní kí ni?"

"Àpá."

A kò pe ọ̀rọ̀ náà nínú ilé wa rí láti ọjọ́ tó ti ṣòfin. Mo gbọ́ bó ṣe ń fa dúrọ́ọ̀, bí páálí ṣe ń ṣubú, bó ṣe ń mí. Mo ní ti ọjọ́ tí ọmọ wa jáde ilé ìwé ńkọ́? Ó ní òun ti nù ún. Mo ní àwọn fíìmù àtijọ́ ńkọ́? Ó ní lórí fíìmù gan-an lòun ti máa ń fi pẹ́ńsù pa á rẹ́ kóun tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ní ará àdúgbò ńkọ́? Òun ló ya ti gbogbo wọn, mi ò sì jẹ́ kí ẹlòmíì ya mí rí.

"Kò sí, Arẹwà," ó wí níkẹyìn. Ó ti ń sunkún. "Mi ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù."

Inú bí mi. Mo ní, "Oní-fọ́tò ni yín, ẹ ò sì ní fọ́tò ìyàwó yín." Mo gé fóònù, nígbà tí mo sì gé e tán ni àánú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣe mí.

Ọ̀gá wo aago. Ó ní ọ̀nà kan ló kù: òun yóò fi fóònù pe ọmọ mi tó kọ̀wé pè mí. Ìbéèrè kan ṣoṣo lòun yóò bi í, bóyá ìyá rẹ̀ ní àmì kan lójú àti ohun tí àmì náà jẹ́. Bí ìdáhùn bá bá ojú mi mu, òun yóò tẹ òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Bí mo bá fi gbin pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́. Torí pé aláìsàn ni ẹni tí wọ́n fẹ́ pè, ó ní kí ògbufọ̀ bi í ní èdè abínibí rẹ̀ kó lè rọrùn fún un. Oore ló rò pé òun ń ṣe.

Inú mi dùn. Kí n má purọ́, mo ti fa báàgì mi mọ́ra, mo ti wọ bàtà tí mo bọ́. Ta ni kò mọ ojú ìyá tó bí i?

Fóònù dún, ọmọ mi gbé e. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ara á le," ògbufọ̀ wí. "Pápákọ̀ òfurufú la ti ń pè yín. Ìyá yín wà níbí, ìwé wọn la ń yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ wọ́n ní àmì kankan lójú? Bóyá àpá, bóyá nǹkan mìíràn?"

Mo ki etí gèlè mi bọ ẹnu, mo fi eyín dì í mú. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi: ọmọ mi, rú òfin bàbá rẹ, lónìí nìkan.

"Rárá o," ó wí. "Kò sí nǹkan kan. Ojú ìyá mi mọ́ tónítóní."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Fọ́tò wọn ò sí lọ́wọ́ yín ni? Ṣé ẹ rí àpá níbẹ̀?"

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, síbẹ̀ mo dákẹ́ títí wọ́n fi gé fóònù. Lẹ́yìn náà ni mo ké. Mo ní kí wọ́n tún un pè, kí n bá a sọ gbólóhùn kan. Ọ̀gá ní bí mo bá bá a sọ gbólóhùn kan, èmi ni mo kọ́ ọ lóhun tó máa sọ nìyẹn. Mo kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo àpá náà, mo gbé ojú mi sí ìtòsí fọ́tò, mo ní kó wo ìyókù: imú, ẹnu, iwájú orí. Ó wò ó dáadáa, ó pẹ́ lórí rẹ̀, n kò lè sọ pé kò wò ó.

"Wọ́n ní ẹ jọ ọ́," ògbufọ̀ wí, kò lè wojú mi. "Àmọ́ ẹ̀gbọ́n lè jọ àbúrò."

Òfin wọn ni pé àlejò tí ojú rẹ̀ kò bá ti fọ́tò mu, bàlúù tó gbé e wá ni yóò gbé e padà. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n sì ní kí n jókòó. Mo jókòó. Mi ò mọ ẹni tí n ó bínú sí. Ọkọ mi fẹ́ràn mi, ọmọ mi fẹ́ràn mi, àwọn méjèèjì ló sì tilẹ̀kùn mọ́ mi báyìí.

Fóònù mi dún. Ọmọ mi ni.

"Màmá, ṣé wọ́n ti jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé? Obìnrin kan pè mí, ó ń bi mí bóyá ẹ ní àpá lójú." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sinmi kó tó lè máa bá a lọ. "Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ òótọ́. Mo wá rántí pé Bàbá á ti nù ún kúrò nínú fọ́tò. Mo ní bí ọ̀rọ̀ mi ò bá bá fọ́tò mu, wọ́n lè dá yín padà. Ni mo bá sọ ọ́ bí Bàbá ṣe kọ́ mi. Ṣé mo dáhùn dáadáa?"

Ẹ̀ṣọ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ìwé ìrìnnà mi mú. Wọ́n ti fa ilà gba àárín físà kọjá.

"O dáhùn dáadáa," mo wí. "Ọmọ tó gbọ́n ni ẹ́. Wọ́n ti jẹ́ kí n wọlé, mo ti wà nínú ọkọ̀."

"Ó ṣì jìnnà?"

"Kò jìnnà mọ́."

"Wọ́n ti dé láti wá gbé mi, Màmá. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ ò ní bá mi."

Ẹ̀ṣọ́ ṣẹ́wọ́ sí mi pé ó ti tó àkókò. Mo dìde, mo gbé báàgì mi.

"Gbé fóònù náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wí," mo wí. "Ó dára. Fi ọwọ́ kan di èkejì mú. Dì í mú gírígírí. Èmi nìyẹn."

Ó ní òun ti dì í mú.