Brófà Inṣirá Lórí Òrùlé

Kò sí ìyàwó tó jáde ní àdúgbò wọn ní Alẹkisáńdíríà tí kì í ṣe Inṣirá ló ké zagarúta, igbe ayọ̀ tí wọ́n ń fi ahọ́n ké, síwájú rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ á máa ta lẹ́nu bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀ létí òkun, inú gbogbo ayé á sì dùn. Àfìgbà tí Ṣáúkì ọmọ rẹ̀ ra eyín àtọwọ́dá fún un, kó lè rẹwà nínú fọ́tò ìgbéyàwó Nawárà, ọmọ-ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ahọ́n ti di àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Ìyá Galáli tó múlé tì í, tí igbe tirẹ̀ dà bíi ti adìẹ tó fẹ́ yé, ti ń sọ kiri pé bí kò bá lè ké e mọ́, òun wà ńlẹ̀.

Inṣirá ní àfi kóun ṣe brófà. Bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀ nìyẹn, kéèyàn fi dánra wò kó tó bọ́ sójú agbo. Ohun tó máa tini lójú, ẹ jẹ́ kó ti tini lójú nílé.

Ló bá gbé ìdí ńlá gun òrùlé pẹrẹsẹ ilé wọn lọ bá àwọn ẹyẹlé tó ń sìn. Ó ké e, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó tún un ké, eyín fò sínú ọkà ẹyẹlé. Ó ṣà á, ó kì í bọ àárín ọmú méjèèjì tí kò kúkú níṣẹ́ mìíràn mọ́, ó wá lanu. Ohùn àtijọ́ bá dé! Gbogbo ẹyẹlé fò lọ.

Ó ti gbàgbé pé a kì í gbọ́ zagarúta ká má dáhùn. Ìyá Galáli gbè é lójú fèrèsé, ilé kejì gbà á, ilé kẹta gbà á. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, àwọn èèyàn ti kún àtẹ̀gùn, wọ́n gbé omi dídùn pupa tí wọ́n máa ń mu níbi ayẹyẹ lọ́wọ́, wọ́n ń béèrè ẹni tó bímọ.

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Brófà ni."

"Ìyá Ṣáúkì, ṣé o máa ṣe brófà òkú náà ni," ni Ìyá Galáli wí, "ká tètè mọ aṣọ tá a máa wọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì mu omi dídùn náà tán. Ìgbà náà ni Ìyá Galáli rí ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣófo. "Eyín dà? Ó yá, mú ọ̀kan, fọ́tò àbí igbe?"

Inṣirá yọ eyín láàárín ọmú, ó kì í bọ ẹnu padà.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, eyín ń dán lẹ́nu rẹ̀. Nawárà yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró, ojú ìyá àgbà ló ń wò. Ìyá Galáli ti ń tún ọ̀fun ṣe láti ké e. Ni Inṣirá bá yọ eyín, ó fi í lé Ìyá Galáli lọ́wọ́.

"Bá mi dì í mú."

Igbe náà gba gbogbo òpópónà. Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri títí dòní: Inṣirá la ẹnu gbàgà bí ààrò búrẹ́dì, Ìyá Galáli dúró tì í, ó di ìkúùkù mọ́ eyín, kò lè pàtẹ́wọ́.