Ẹni Tó Tún Igi Bàbá Wọ̀n

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìbínú Ojúwọ̀n káfíńtà, kó mú téèpù, kó lọ tún igi tí Ojúwọ̀n ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ wọ̀n. Èèyàn lè pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ó lè tẹ ìṣó kó bàjẹ́, ó tiẹ̀ lè sùn lọ fọnfọn sórí pákó lọ́sàn-án gangan, Ojúwọ̀n á kàn fi ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọn igi, tó sì ti fa ìlà sí i, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó bá tún un wọ̀n ti pe ọ̀gá ní òpùrọ́ nìyẹn.

Ká sòótọ́, ó ní ohun tó fi ń yangàn. Ojú rẹ̀ ló fi gba orúkọ. Nígbà tó wà ní géńdé, á dúró síwájú ẹnu ọ̀nà, á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á sọ bó ṣe fẹ̀ tó, téèpù á sì jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, nígbà tí ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé àdúgbò ní kó ṣe ilẹ̀kùn ńlá kan sí yàrá ìkàwé tuntun, igi líle tó ti ń tọ́jú pamọ́ látìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń rá ló gbé síta. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n, òun ló fa ìlà sí i. Àwọn mẹ́ta tó ń bá a ṣiṣẹ́ gé e, wọ́n fá a, wọ́n sì kùn ún títí tó fi ń dán gbinrin.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ, gbogbo wọn ló tẹ̀ lé e: àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, tí kì í kánjú nítorí ẹnikẹ́ni, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí, tó ti di káfíńtà gidi lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn kọ́, wọ́n pa á dé. Àlàfo tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gba ìka méjì. Ọ̀gá ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀, ó gba ibẹ̀ yọjú wo inú yàrá.

Ìtìjú bo Ojúwọ̀n látòkè délẹ̀. Ó ti ṣe díẹ̀ tí nọ́ńbà ara téèpù ti ń ṣe bàìbàì lójú rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, àní ìyàwó rẹ̀ pàápàá.

"Ẹ má bínú, màdáámù," ó ní. "Ojú mi ti lọ. Ẹ wá káfíńtà mìíràn. Lónìí náà ni màá ti ṣọ́ọ̀bù mi pa."

Gbogbo wọn dorí kodò. Ọmọ rẹ̀ ló kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo lọ́rọ̀ láti sọ."

"Dákẹ́," àbúrò bàbá rẹ̀ wí. "Àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ forí jì mí, Bàbá Kékeré. Yàtọ̀ sí Bàbá, àgbà kankan ò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń ka téèpù, mo rí i pé ẹ fi ìka kan kà á kọjá. Ẹ̀rù bà mí láti sọ. Nígbà tẹ́ ẹ lọ jẹun, mo fá ìka kan kúrò lára ilẹ̀kùn. Mi ò fọwọ́ kan téèpù, torí mo mọ òfin yín."

Jẹ́jẹ́ wúkọ́. "Ọ̀gá, èmi náà rí i. Èmi náà fá ìka kan, nígbà tí kò sẹ́nì kankan nítòsí."

Gbogbo ojú wá yí sí àbúrò Ojúwọ̀n. "Ayùn ni mo fi gé tèmi," ó ní.

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" Ohùn Ojúwọ̀n ti le. "Láti ìgbà wo lẹ ti ń ṣe báyìí sí mi?"

"Ó ti pẹ́, sà," ọmọ rẹ̀ dáhùn. "Látìgbà tẹ́ ẹ ṣe àga fún àwọn nọ́ọ̀sì ni mo ti ń tún un ṣe."

"Ṣé bàbá ẹ lò ń sọ irú èyí fún?" àbúrò bàbá rẹ̀ bi í.

"Ta ni kí n sọ ọ́ fún, sà? Ògiri?" Ó tún kọjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ojú yín ń fẹ́ dókítà, ọwọ́ yín ò sì ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Ẹ̀rù yín tó ń bà wá ló ba ilẹ̀kùn yìí jẹ́. Ká ní a lè bá yín sọ̀rọ̀ ni, ìka kan ṣoṣo là bá gé."

Inú bí Ojúwọ̀n, ó bí i gan-an. Ó wo ọmọ náà níbi tó kúnlẹ̀ sí: ó bọ̀wọ̀ fún un, kò sì purọ́ fún un. Orí rẹ̀ wú. Nínú gbogbo ohun tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kò rí èyí tó dára tó ọmọ yìí.

"Dìde," ó ní. "Mú téèpù. Wọ̀n ọ́n, kó o sì kà á sókè ketekete."

Ó kà á. Bàbá ní kí Jẹ́jẹ́ náà kà á. Ojúwọ̀n wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra etí ilẹ̀kùn náà látòkè délẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ gbé igi dúdú wá. Ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi sọ́tùn-ún, wọ́n fi ọ̀kan sósì, bí ìgbátí aṣọ, ilẹ̀kùn náà sì lẹ́wà ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ ìròyìn rẹ̀, wọ́n wá wò ó. Wọ́n ń yin igi dúdú náà. Ọmọ rẹ̀ ni Ojúwọ̀n fà síwájú.

"Ọmọ mi rèé," ó ní. "Ó sọ fún mi níṣojú màdáámù pé mo ṣì í wọ̀n."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá," ẹnì kan nínú wọn wí.

"Pẹ̀lẹ́ kẹ̀?" Ojúwọ̀n rẹ́rìn-ín. "Ta ni nínú yín tí ọmọ ẹ̀ lè bá a sọ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀?"

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn yíjú sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìwọ náà ńkọ́?" ó bi í. "Kí lo ti ń rí tí o ò sọ fún mi?"